Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Dá Géèmù Ewúrẹ́ Lẹ́jọ́ Kí Kábíyèsí Tó Tọ́ Ọ Wò

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Ìdí-Orógbó, ẹ gbé fóònù kúrò lójú, kẹ́ ẹ gbé etí síta! Ẹni tó bá ń wo fídíò tó ń dá nìkan rẹ́rìn-ín, kó dá a dúró. Ẹ̀rín náà ò ní sá lọ. Ẹni tó fi wáyà sétí, kó yọ ọ́, kó yọ tọ̀tún, kó yọ tòsì. Èmi Ògúnsànyà, alágogo ààfin, ni mò ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ mi kọ́ o! Ọ̀rọ̀ Kábíyèsí ni. Èmi kàn rù ú wá ni. Bó bá dùn mọ́ yín, ẹ yin Kábíyèsí. Bí kò bá dùn mọ́ yín, ẹ má bú mi, mo níyàwó nílé tó ń ṣe ìyẹn.

Kábíyèsí, Olórógbó ti Ìdí-Orógbó, kí i yín o! Wọ́n ní ṣé àlàáfíà lẹ jí? Wọ́n ní ṣé dátà yín ò tíì tán? Lẹ́yìn ìkíni, wọ́n ní inú ń bí àwọn. Inú ń bí Kábíyèsí! Mo tún un wí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ wáyà: inú ń bí Kábíyèsí! Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ lórí gúrúùpù ìlú ló ṣì ń bí wọn nínú.

Ẹ jẹ́ n tò ó fún ẹni tó bá ń sùn nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ìbídùnní, ọmọ Òjélàdé tó ń tún rédíò ṣe lójú ọ̀nà odò lẹ́yìn ààfin, fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe géèmù kan tí wọ́n ń ṣe lórí fóònù. Géèmù ìlú wa ni! Ewúrẹ́ lẹ ó jẹ́ nínú rẹ̀. Ewúrẹ́ náà ti jẹko lọ jìnnà, ilẹ̀ ń ṣú lọ, ó ń wá ọ̀nà ilé. Ẹ ó mú un la gáréèjì kọjá, ọ̀kadà ò gbọdọ̀ gbá a. Ẹ ó mú un gba iwájú alápatà, ojú òun àti alápatà ò gbọdọ̀ ṣe mẹ́rin. Ẹ ó wá mú un la ààfin kọjá, torí ẹ̀yìn ààfin nilé ẹni tó ni ín. Bó bá ti délé, géèmù parí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ náà gbé e sórí gúrúùpù ìlú. Ó kúnlẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ tó kọ, ó ní ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi tọ́ ọ wò, kẹ́ ẹ sọ bó ṣe rí lára yín. Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí! Kò tíì gbé ìka kúrò lórí fóònù tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dájọ́!

Ọ̀gbẹ́ni Dìpẹ̀olú tó ń gbé ìlú òtútù ló kọ́kọ́ fọhùn. Ó ní àwòrán rẹ̀ ò dára rárá, ó ní ó ya láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ojú fóònù rẹ̀ ló ya! Ó ti ya láti ìgbà tó wálé wá sìnkú bàbá rẹ̀, gbogbo wa la rí i. Làmídì télọ̀ ní òun ò tíì ṣí i o, àmọ́ òun mọ̀ pé géèmù yẹn máa ń jẹ bátìrì. Fóònù tọ́ọ̀ṣì ni Làmídì ń lò! Fóònù ìyàwó rẹ̀ ló fi kọ ọ́. Ìyá Dékínẹ́ẹ̀sì ní ojú ewúrẹ́ náà ò mọ́, pé ó ń wo òun bí ẹni tó mọ òun rí. Kọ́lápọ̀, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n látàárọ̀ dalẹ́, ní géèmù tí kò bá ti ní bọ́ọ̀lù nínú kì í ṣe géèmù. Ewúrẹ́! Wọ́n ní kẹ́ ẹ mú ewúrẹ́ lọ sílé, ẹ̀ ń béèrè góólù! Àgbàlagbà kan, mi ò ní dárúkọ, irun rẹ̀ ti funfun, ní géèmù àtijọ́ dáa ju ti ìsinsìnyí lọ. Wọ́n ní èwo ni bàbá máa ń ṣe nígbà yẹn? Ó ní ayò.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Láti orí ewúrẹ́, ọ̀rọ̀ bọ́ sórí fóònù. Láti orí fóònù, ó bọ́ sórí fíìmù. Bàbá ìyàwó kan ní fóònù tí bátìrì rẹ̀ ń pẹ́ ló dára. Bàbá ọkọ ní èyí tí kámẹ́rà rẹ̀ ń mọ́ ni. Bàbá ìyàwó bínú kúrò lórí gúrúùpù. Bàbá ọkọ náà bínú kúrò. Ìgbéyàwó dúró! Ọkọ ń wo ìyàwó, ìyàwó ń wo ọkọ, fóònù tọ́ọ̀ṣì ni àwọn méjèèjì ń lò. Nínú gbogbo ariwo yìí, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó mú ewúrẹ́ náà kúrò ní gáréèjì.

Ni Kábíyèsí bá jókòó, wọ́n ronú. Wọ́n ní nílùú yìí, ta ló ń jẹ iṣu tuntun kí ọba tó jẹ ẹ́? Kò sí! Iṣu á ta, á tóbi, á máa wò yín lójú nínú ebè, ẹ ó máa gbé itọ́ mì títí ọba yóò fi fi kan ẹnu. Wọ́n ní kí ló dé tó fi jẹ́ pé iṣu nìkan la lè dúró dè? Nítorí náà, òfin dé! Ẹ gbọ́ o, òfin dé! Gbogbo ohun tuntun tó bá wọ Ìdí-Orógbó, ì báà ṣe fóònù, ì báà ṣe géèmù, ì báà ṣe fíìmù tàbí orin, Kábíyèsí ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Kí wọ́n tó tọ́ ọ wò tán, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé ó dùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé kò dùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé ó mọ níwọ̀n. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ àwọn àṣẹ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, torí mo gbọ́ pé àwọn kan ní àwọn ò gbọ́ ti àkọ́kọ́.

Àṣẹ kìíní! Kì í ṣe ẹnu nìkan ló ń dájọ́. Àtàńpàkò tẹ́ ẹ̀ ń gbé sókè lórí fóònù, ìdájọ́ ni. Ojú kékeré tó ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń dà, ìdájọ́ burúkú ni. Ẹ kó àtàńpàkò yín dání!

Àṣẹ kejì! Ẹni tó bá ní òun ò tíì wò ó o, àmọ́... Ibi àmọ́ yẹn gan-an la ti máa mú un! Kó pa ẹnu dé kó tó débẹ̀.

Àṣẹ kẹta! Ẹni tí ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wò ó ní Èkó, tó wá sọ fún un, kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Èkó kì í ṣe ẹlẹ́rìí!

Àṣẹ kẹrin! Ẹni tó ń gbé òkè òkun kò yọ sílẹ̀ o. Ọ̀gbẹ́ni Dìpẹ̀olú, òfin yìí mọ ọkọ̀ òfuurufú wọ̀. Ẹ tún ojú fóònù yín ṣe.

Ìjìyà ńkọ́? Ìjìyà ń bẹ! Ẹni tó bá ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a ó mú un jókòó níwájú ààfin, yóò máa wo ìpolówó ọjà orí fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò ní fò ó! Mo ní kò ní fò ó! Ẹni tó bá ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, a ó gba fóònù rẹ̀, a ó gbé e fún ìyá ìyàwó rẹ̀ kó bá a tọ́jú rẹ̀, gbogbo ohun tó fi tì í pa ni a ó sì ṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá wá ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ a rí i, a ó fi í ṣe alábòójútó gúrúùpù ìlú. Lójú ẹ̀mí rẹ̀!

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kéde òfin yìí, ẹ gbà á, ẹ má purọ́. Mo rí yín, ẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kábíyèsí bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ géèmù wò. Wọ́n mú ewúrẹ́ kúrò ní gáréèjì, àwọn olorì kí wọn kú oríire. Wọ́n mú un kọjá lọ́dọ̀ alápatà, wọ́n fọn kàkàkí. Wọ́n mú un dé ẹnu géètì ààfin, ìyẹn ààfin inú géèmù. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì mú ewúrẹ́, ó so ó mọ́ òpó. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún so ó. Kábíyèsí lọ gbé adé, wọ́n dé e, wọ́n ní bóyá yóò dá àwọn mọ̀. Pẹ̀lú adé lórí Kábíyèsí, ó tún so ewúrẹ́ náà! Kábíyèsí wá ránṣẹ́ pe Bàbá Sùnmọ́nù tó ń ṣọ́ géètì ààfin gidi, ẹni jẹ́jẹ́ tí kò mọ̀ ju tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ. Wọ́n bi í pé kí ló dé tó ń ti onílé mọ́ta. Bàbá Sùnmọ́nù dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń tọrọ àforíjì fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Bí ọba kò ṣe kọjá géètì nìyẹn. Bí ọba kò bá sì kọjá, ìlú ò lè la ẹnu. Fóònù tuntun wọ̀lú, ó ń dán yinrin nínú gíláàsì, ẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ̀ ń wo òkè. Ẹ wo fíìmù àwọn ará Íńdíà tí wọ́n yí ohùn wọn sí Yorùbá, ẹ wò ó tán, ẹ̀ ń rìn lọ sílé bí ẹni tí ẹ̀kọ gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù Ràṣákì onígbàjámọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ibi tí wọ́n ti ń fi ariwo gbá bọ́ọ̀lù àgbáyé tẹ́lẹ̀! Ràṣákì gẹrun fún ọkùnrin kan, ó gbé dígí fún un, ó ní ṣé ó dáa? Ọkùnrin náà ní irun tuntun ni, òun ò lè sọ nǹkan kan kí Kábíyèsí tó rí i. Ó wọ́ lọ sí ààfin. Wọ́n ní kó dúró, ọba ń bẹ lẹ́nu géètì.

Ìbídùnní ńkọ́? Ẹ béèrè rẹ̀ rí? Ọmọ yìí fẹ́ kí ènìyàn kan ṣáà ṣe é parí. Ẹnì kan péré! Kó wá sọ òótọ́ fún òun, bó dùn bó korò. Ní àkọ́kọ́, gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó ṣe é. Lẹ́yìn òfin, kò sí ẹnu kankan mọ́. Ó jókòó nílé bàbá rẹ̀ láàárín àwọn rédíò, ó ń wo fóònù. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, òun yóò pa géèmù náà rẹ́ pátápátá, òun yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ òun ní Ìbàdàn, lọ máa gba ìpè àwọn tó ń sọ pé kàádì fóònù àwọn ò wọlé.

Ọ̀rọ̀ wá di Sátidé tó kọjá. Géètì tún mú Kábíyèsí. Wọ́n ju fóònù sórí tìmùtìmù, wọ́n ní géèmù burúkú! Gbogbo ààfin gbọ́ ọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn ìjòyè kó ara wọn jọ. Ọ̀tún ní ọba ti sọ̀rọ̀, ìdájọ́ ti jáde, géèmù burúkú ni. Òsì ní rárá o, ọba tó bu iṣu jẹ tó tu ú dànù, ṣé a lè sọ pé ó ti jẹ iṣu? Wọ́n fà á, wọ́n fà á, oúnjẹ tutù. Nígbẹ̀yìn wọ́n fẹnu kò. Ohun tí wọ́n fi rán mi sí yín láàárọ̀ yìí gan-an nìyí, ẹ gbọ́ o, ẹ tẹ́tí dáadáa! Ohun tó jáde lẹ́nu Kábíyèsí lọ́jọ́ Sátidé, ìdájọ́ kọ́. Ikọ́ ni! Kábíyèsí wúkọ́! Ẹni tó bá gbọ́ géèmù burúkú, ikọ́ ló gbọ́. Kó lọ tún etí rẹ̀ ṣe. Òfin ṣì dúró, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, títí ewúrẹ́ Kábíyèsí yóò fi kọjá géètì.

Ibi tí wọ́n rán mi dé nìyẹn. Wọ́n ní kí n lu agogo, kí n máa lọ.

Mi ò lọ. Ẹ dúró. Mo ní ẹ dúró! Inú ń bí èmi náà.

Ikọ́ yẹn ti dé etí Ìbídùnní. Ọmọ náà ti di ẹrù. Ọkọ̀ Ìbàdàn ń kó èrò ní gáréèjì bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ó wà níwájú, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Ó ní bí ọkọ̀ bá ti ṣí, òun yóò pa á rẹ́. Ọmọ ìlú yìí ni o! Ẹni tó ń tún fóònù yín ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tó bá wá ọdún!

Ẹ̀yin ará mi, ewúrẹ́ wo lẹ ti rí rí tó gba ẹnu géètì wọ ààfin? Ṣé kì í ṣe ara ògiri ẹ̀yìnkùlé tó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná ni gbogbo ewúrẹ́ ìlú yìí ń gbà? Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ìbídùnní yà á sínú géèmù bó ṣe rí gẹ́lẹ́, ó tiẹ̀ ya ìkòkò fífọ́ tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọba kì í gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Èèwọ̀ ni! Kábíyèsí di ewúrẹ́ tán, ọba náà ni wọ́n ṣì jẹ́ nínú awọ ewúrẹ́. Gbogbo ìjòyè ló mọ ibi tí ògiri ti ya. Ta ni yóò la ẹnu sọ ọ́ fún ọba?

Èmi kì í ṣe ọba. Láti ìgbà tí mo ti ń jíṣẹ́ ààfin, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà. Mo mú ewúrẹ́ mi gba ibi tí ògiri ya, mo bọ́ sí ẹ̀yìn ààfin, mo mú un délé. Mo ṣe géèmù yìí parí! Ẹ fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀? Ilẹ̀kùn kan ló wà níbẹ̀, àtùpà kan ń jó, ohùn obìnrin kan wá ń pè. Ohùn Àṣàkẹ́ ni! Àṣàkẹ́ aya Òjélàdé, ìyá Ìbídùnní, tí gbogbo wa jọ sin nígbà òjò. Ẹ rántí bó ṣe máa ń pe àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ máa bọ̀ o, ẹ máa bọ̀ o, ilẹ̀ ń ṣú, èèpo iṣu rèé o! Ohùn yẹn la fi ń mọ̀ pé ó tó àkókò láti dáná. Ọmọ rẹ̀ ti gbà á sórí fóònù kó tó kú. Ó fi í pa mọ́ sílé ewúrẹ́, ó ń retí ẹni tí yóò débẹ̀ nínú wa, a ò dé. À ń béèrè góólù.

Ojú yín rèé, mo fẹ́ rú òfin. Ó dùn! Mo ní ó dùn! Mo jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́yìn ààfin, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà. Ó ní àléébù o, mi ò ní tàn án: ọ̀kadà inú rẹ̀ ń sáré jù, ojú alápatà ò sì jọ ti alápatà, ó jọ ti tísà. Kó tún ìyẹn ṣe. Àmọ́ ó dùn. Ẹni tí yóò bá mú mi, kó wá mú mi.

Ẹ̀yin náà, kí lẹ̀ ń wò mí fún? Ẹ yọ fóònù yín! Ẹ gba ara ògiri!

Mo ń dúró.

Ẹ dákẹ́. Ta nìyẹn? Ta ló ti débẹ̀? Làmídì, fóònù ìyàwó rẹ nìyẹn? Ẹ gbé ohùn rẹ̀ sókè. Ẹ máa bọ̀ o, ẹ máa bọ̀ o... Òun nìyẹn! Ọlọ́run ọba! Ó tún ń dún lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó tún ń dún lọ́dọ̀ Ràṣákì. Kọ́lápọ̀, nu ojú rẹ, kò sí ẹni tó ń bú ẹ. Bàbá Òjélàdé, ẹ rọra, ẹ jókòó, ẹ bá wọn wá àga. Ẹ̀n ẹ́n? Kí ló ń dún láti ojú fèrèsé òkè ààfin yẹn? Ilẹ̀ ń ṣú, èèpo iṣu rèé o...

Kò sí ẹni tó gbọ́ èyí tó ti ààfin wá o! Kí ẹnikẹ́ni má béèrè ibi tí Kábíyèsí gbà! Ọ̀nà ọba ni ọba gbà!

Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ Ìbàdàn, bó o bá ń gbọ́ agogo mi, pa iná ọkọ̀. Sọ báàgì ọmọ náà kalẹ̀. Ìbídùnní, má fọwọ́ kan nǹkan kan lórí fóònù yẹn, sọ̀ kalẹ̀, máa bọ̀ nílé. Ìyá rẹ ń pè ọ́ ní gbogbo ìlú.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, mo ti jẹ́ ẹ. Èyí tí wọn ò rán mi, mo ti fi ṣe èènì. Kádé pẹ́ lórí, kí iná má kú lára fóònù, kí gbogbo ohun tó jẹ lọ délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Agogo ti dákẹ́ o!